Àyè Kọkànlélógún: Ọjọ́ Ẹtì Kan Lórí Agogo Ifọ̀nyìn

Ẹni tó bá kúrò ní Ifọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, tó gba Ìgòlò kọjá sí Ìdí-Ìrókò, kò ní yí agogo ọwọ́ rẹ̀ padà. Agogo kan náà ni Benin àti Nàìjíríà ń lò. Tó bá sì di oṣù Keje, agogo London pàápàá bá tiwa dọ́gba. Agogo yìí ni mo fi to ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 2024, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows kú káàkiri ayé, nítorí pé àwọn tó ròyìn ọjọ́ náà ń fi agogo Sydney, agogo Texas àti agogo Greenwich kà á, èèyàn kì í tètè mọ ohun tó ṣáájú nínú rẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí agogo mọ́kànlá ṣe ń sún mọ́lé

Azure, iṣẹ́ tí Microsoft fi ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ ní kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ibùdó rẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Èyí kò kan ohun tí a fẹ́ sọ. Mo mẹ́nu kàn án torí pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn pa ìṣòro méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi wákàtí mélòó kan bú ẹni tí kò ṣẹ̀.

5:09 àárọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Ifọ̀nyìn. Ní Sydney, wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí sọ́fítíwíà rẹ̀ tó ń jẹ́ Falcon máa ń bá àwọn báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọn, fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà Windows tó ń lo Falcon. C-00000291 ni orúkọ fáìlì náà fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe kóòdù ló wà nínú rẹ̀. Dátà ni: àpèjúwe ìwà tí Falcon gbọ́dọ̀ máa fura sí, tí wọ́n dì sínú fáìlì ní ọ̀hún kí kóòdù tó wà nínú kọ̀ǹpútà lè tú u ní ìhín.

Dídì àti títú yìí ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń bá jà lójoojúmọ́, yálà ìlànà JSON ni wọ́n ń lò, tàbí Protocol Buffers tí Google gbé síta fún gbogbo ayé ní 2008. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Ẹni tó di àrokò àti ẹni tó tú u gbọ́dọ̀ ti mọ ìtumọ̀ iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ìránṣẹ́ tó jáde nílé. Bí àdéhùn yẹn kò bá sí, owó lásán ni olúwarẹ̀ gbà.

Àdéhùn ni kò dọ́gba láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí. Láti oṣù Kejì ọdún náà ni CrowdStrike ti fi àwòṣe tuntun kan kún Falcon, èyí tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀ nínú Windows. Nínú ìwé àwòṣe náà, àyè 21 ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń gbé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wá síwájú ẹni tó ń kà á, ohun 20 péré ló ń kó wá. Olùdì kọ 21. Olùtú gba 20.

Báwo ló ṣe jẹ́ pé odidi oṣù mẹ́rin kọjá tí kò sẹ́ni tó rí i? Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fi dátà tó tẹ̀ lé àwòṣe yìí ránṣẹ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí ni pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmì "ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, mo gbà á" ni wọ́n fi sí àyè kọkànlélógún. Níbi tí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà, olùtú kì í yọjú wò rárá, torí kò sí ohun tí yóò fi wéra. Ìdánwò tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ àwòṣe náà pàápàá, àmì kan náà ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà ní CrowdStrike tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó yẹ dátà wò kó tó jáde. Òun náà gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun 21 ni wọn yóò kó wá, ó sì fọwọ́ sí i.

Fáìlì ti 19 oṣù Keje ni àkọ́kọ́ tó béèrè ohun kan pàtó ní àyè kọkànlélógún. Olùtú nawọ́ sí i. Ogún ni ohun tó wà nílẹ̀. Ó nawọ́ kọjá ogún, ó sì kàn sí ibi ìrántí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ká ní ètò kékeré kan ló ṣe irú èyí, bí ètò tí a fi ń tẹ lẹ́tà, òun nìkan ni ì bá kú, kọ̀ǹpútà yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n inú kernel, ibi tó jinlẹ̀ jù lọ nínú Windows, ni Falcon ń gbé, kó lè rí àwọn olè kí olè tó rí i. Ohunkóhun tó bá ṣàṣìṣe níbẹ̀, gbogbo ilé ló ń wó. Windows ti ara rẹ̀ pa, ó gbé ojú búlúù síta. Nígbà tó tún tanná, Falcon wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jí, ó tún ka fáìlì náà, ó tún wó.

6:27 àárọ̀

Wọ́n fa fáìlì náà padà, wọ́n fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 78 ló wà láàárín. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa láàárín àkókò yẹn bọ́. Èyí tó ti gba ti àkọ́kọ́ kò sábà lè gba ti ìkejì, nítorí kì í sábà dúró pẹ́ tó láti kàn sí íntánẹ́ẹ̀tì.

7:00 sí 9:00 àárọ̀

London jí. Tẹlifíṣọ̀n Sky News kò lè gbé ètò tààrà jáde fún wákàtí mélòó kan. Ètò EMIS, tí ọ̀pọ̀ dókítà àdúgbò ní England ń lò láti wo ìwé aláìsàn, kò ṣí. Ní India, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ń fi bírò kọ ìwé ìwọkọ̀ fún èrò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá ní Amẹ́ríkà ti dá ọkọ̀ wọn dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́hùn-ún. Báńkì Capitec ní South Africa náà fara gbá a. Macintosh kò mọ̀ sí i, Linux kò mọ̀ sí i.

10:45 àárọ̀

George Kurtz, ọ̀gá àgbà CrowdStrike, kọ ọ́ sórí X pé kì í ṣe ìkọlù, pé wọ́n ti mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kò tọrọ àforíjì. Ìgbà tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n NBC lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀bẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kú tó ń jí nílò ẹ̀bẹ̀ ṣáájú àlàyé.

Ọ̀sán

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Èèyàn ní láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kó tan án ní ipò ààbò tí Windows fi ń gbé ohun díẹ̀ péré dìde, kó wọ inú àpò CrowdStrike tó wà láàárín àwọn driver, kó wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291, kó pa á rẹ́, kó tún tan kọ̀ǹpútà náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan. Níbi tí wọ́n ti fi BitLocker ti dísíìkì pa, kọ̀ǹpútà béèrè kọ́kọ́rọ́ gígùn kan kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì kó àwọn kọ́kọ́rọ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí òun náà ti kú. Fún àwọn tó ń lo Azure, Microsoft ní kí wọ́n máa pa á kí wọ́n máa tan án, pé àwọn oníbàárà kan ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá yára mú fáìlì tuntun dé kí Falcon tó ka ti àtijọ́, ó bùṣe.

Alẹ́

Ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n fagi lé káàkiri ayé lọ́jọ́ náà lé ní 5,000. Ilé-iṣẹ́ Delta nìkan yóò fagi lé nǹkan bí 7,000 kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tún múlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, Microsoft sọ pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló kàn, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo Windows tó wà láyé. Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ lójú ni irú ilé tí ìdá kékeré yẹn wà.

Ọ̀pọ̀ ló di ẹ̀bi ru fáìlì náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Dátà tó burú kò ní yé dé: netíwọ́ọ̀kì yóò já láàárín, ẹnìkan yóò fi àyè kan kún un ní Cotonou láì sọ fún ẹni tó wà ní Ifọ̀nyìn. Nínú Protocol Buffers, nọ́ńbà ni àyè kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Olùtú tó bá rí nọ́ńbà tí kò mọ̀ yóò fò ó, èyí tí kò bá sì sí, yóò fi iye tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé olùdì àti olùtú kì í dàgbà lọ́jọ́ kan náà. Olùtú tó nawọ́ láì kọ́kọ́ ka iye ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló jẹ̀bi. Kẹ́ ẹ sì wò ó, gbogbo dátà ni CrowdStrike dà sí gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, láì kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán an wò.

Nínú ìwé àlàyé tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ìpele ìpele ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀ yóò máa jáde. Àyẹ̀wò tí ì bá ti sọ fún olùtú pé ogún ni ohun tó wà nílẹ̀, ọjọ́ 25 oṣù Keje ni wọ́n fi í sínú kóòdù náà.