Ìṣọ́-èémí-ná: Orúkọ fún Ìtọ́jú Kan

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìyá aláàkàrà kan ní Táíwò Ìsàlẹ̀, ní Ìlọrin Àfọ̀njá, na ìwé dókítà sí mi pé kí n bá òun kà á, mo rí i pé ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹni tó sọ àìsàn náà lórúkọ wò, nítorí lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, C, O, P àti D, tí ìlà kejì sì pàṣẹ pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá lábẹ́ àbójútó, ìbáà jẹ́ nílé, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti mọ̀. Ìyá náà, tí ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tí ó gùn wá bá mi, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, eré kí ni dókítà ní kí n máa ṣe?"

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ọ̀rọ̀ tí mo lò ni. Ọmọdé àti agbábọ́ọ̀lù ló ni eré; iṣẹ́ gan-an ni dókítà ń wí: kí aláìsàn máa rìn títí èémí rẹ̀ yóò fi yára, kí ó máa jókòó kí ó sì máa dìde lórí àga, kí ó máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Mo yí i sí ìdárale, ìyá sì gbà.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ìgbàlódé yìí kò sùn. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá kìíní ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin wa yìí, sì ṣe ti ìkejì ní 1990. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n gbájú mọ́, wọn kò dé orí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá ń wá orúkọ rẹ̀, kí ó gba ọjà Ìpàta lọ, níbi tí alápatà kì í ti í fi fùkù pe ẹ̀dọ̀, nígbà tí àwa tí a mọ̀wé ṣì ń pe ikọ́ tó ń jẹ fùkù ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀.

Ní ti àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀, bárakú ti wà nílẹ̀, n kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀, bí aláìsàn tilẹ̀ lè gbọ́ "kú" inú rẹ̀ kí ó ta gìrì. Nítorí ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe sìgá tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀, bárakú sìgá ló sì sábà ń bí bárakú àìsàn. Ìyá aláàkàrà kò mu sìgá rí. Èéfín igi ìdáná ni tirẹ̀, irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò Òkèlélé ń fà símú nígbà tí wọ́n bá ń sun ìkòkò. Àìsàn ìdínà-èémí bárakú ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà mẹ́rin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni orúkọ ìtọ́jú tí dókítà kọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pulmonary rehabilitation. "Ìmúbọ̀sípò" ni ọ̀pọ̀ yóò sáré mú, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú rẹ̀: fùkù tí èéfín ti bà jẹ́ kì í bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ ni ìdárale ń fún lókun, iṣan tó bá sì lókun kì í béèrè èémí púpọ̀ fún iṣẹ́ kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó ti Táíwò Ìsàlẹ̀ dé Táíwò Òkè lè wá máa dúró lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníṣòwò òpópónà yìí mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lórí owó: ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó ń ṣọ́ ọ ná, kì í tètè wọ gbèsè. Ìṣọ́-èémí-ná ni mo sọ ọ́.

Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti fi imú fa èémí, kí ó sún ètè jọ, kí ó sì tú u síta díẹ̀díẹ̀. "Bí ẹni ń fẹ́ iná" ni mo kọ́kọ́ wí, ìyá sì fẹ́ ẹ tagbára-tagbára, bí ó ti ń fẹ́ iná àkàrà láti ọdún tó lé ní 30, ni ikọ́ bá gbé e. Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná ni." Ètè rẹ̀ ká, èémí rẹ̀ gùn, èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ìmí afẹ́kọ nìyẹn.

Ó ku àbójútó. Ojú ló wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá wá jókòó sílé, ojú ta ni yóò tó o? Síbẹ̀, àkójọ ìwádìí 15 tí àjọ ìwádìí ìṣègùn Cochrane gbé jáde ní 2021, tí ènìyàn 1,904 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé àwọn tí wọ́n bójú tó láti òkèèrè, lórí tẹlifóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn. "Àbétító" sọ sí mi lọ́kàn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: àbójútó ojúkojú, àbójútó àtòkèèrè. Oníṣègùn físíò tó wà lórí fóònù ń béèrè bí èémí ṣe ń há aláìsàn tó lórí òdiwọ̀n Borg, ará Sweden, láti 0 dé 10, bẹ́ẹ̀ èdè wa ti wọn èémí tipẹ́: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ já gaara ṣì wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń mí hẹlẹ wà láàárín, ẹni tó bá ń mí gúlegúle, kí ó jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìṣọ́-èémí-ná lọ, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìyá aláàkàrà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ná.