Wèrè, Wòlíì, Ọ̀daràn: Ọdún Mẹ́rin Nínú Ìrìn Àjò Ọ̀dọ́mọkùnrin Ajíhìnrere Kan ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Èkìtì ní ọdún 1930. Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní ọdún 1893, àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí padà sí ilé baba wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbé Bíbélì bọ̀. Lẹ́yìn wọn ni òyìnbó C.M.S. tí ń jẹ́ Henry Dallimore fi Adó-Èkìtì ṣe ibùgbé. Òun ni ó dá ilé-ìwé tí ó di Christ's School sílẹ̀ ní ọdún 1933. Síbẹ̀, ẹni tí ó mi ìlú Èkìtì jìgìjìgì kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe àlùfáà tí a fi oyè jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kàwé jìnnà ni, agogo àti Bíbélì sì ni ohun ìjà rẹ̀.

Ní Ìlọ́fà, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1904. Ará Òdò-Ọwá ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ ìjọ C.M.S. sì ni wọ́n. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ díẹ̀ kí ó tó wọ iṣẹ́ ìjọba, níbi tí ó ti ń wa ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni ohùn kan ti pè é ní orúkọ, tí ó ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, nítorí owó oṣù ìjọba kì í ṣe ohun tí ọmọ mẹ̀kúnnù ń sọ nù ní ìgbà náà. Nígbẹ̀yìn, ó gbà.

Òdò-Ọwá ni ó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ náà fún. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bora, ó ń lu agogo kiri ìlú, ó sì ń kéde pé ìparun ń bọ̀ bí àwọn ènìyàn kò bá ronú pìwà dà. Àwọn ará ilé rẹ̀ wò ó, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìtàn ìjọ sọ pé àrùn ṣọ̀pọ̀nná jà lẹ́yìn náà, àti pé ó gbàdúrà fún àwọn tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n èyí kò tó láti mú àwọn àgbà ìjọ gbà á. Àwọn aláṣẹ C.M.S. kò fẹ́ àwọn aríran láàrin agbo wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ní láti fi ìlú baba rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìgbà yìí, kò sí ẹni tí ó rán an tí a lè fi ojú rí. Bí a bá fi í wé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Mormon, tí àwọn ajíhìnrere wọn àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1978, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ìjọ wọn ni ó ń yan ibi tí wọn yóò lọ, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, oṣù 24 sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń lò kí ó tó padà sí ilé. Babalọlá kò ní ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni a kò dá ọjọ́ àbọ̀ fún un. Ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, tí a sì rì í bọmi nínú ọ̀sà Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1929, ni ó tó rí àwọn àgbà tí ó fara mọ́ ọn.

Ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà tí ó di ẹni ọdún 26, ó bá àwọn àgbà wọ̀nyí lọ sí ìpàdé kan ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ibẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn kàn pé aláìsàn ń sàn, wọ́n sì ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo, kí a gbàdúrà sí omi tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Ṣáájú kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ohun tí Òdò-Ọwá pè ní wèrè, Ẹ̀fọ̀n pè é ní iṣẹ́ wòlíì. Aláayè gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, Alárá ti Arámọkọ náà sì gba ẹ̀sìn náà. Àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. Dallimore gbọ́ ní Adó, kò sì lé e. Ó kíyè sí ìsọjí náà, ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yí padà ní Èkìtì sì kún inú ilé-ìsìn C.M.S.

Kí ni ó fà wọ́n? Ọdún ọ̀wọ́n owó ni 1930. Ọjà ayé ti dẹnu kọlẹ̀, iye owó kòkó sì ti já wálẹ̀. Àìsàn pọ̀, ilé ìwòsàn kò tó nǹkan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Babalọlá kò ṣe bí àwọn oníwàásù tí ń sọ pé kò sí àjẹ́. Ó gbà pé àjẹ́ wà, ó sì ní agbára kan wà tí ó ju tiwọn lọ. Ẹ̀rù tí àwọn ènìyàn ń bà sùn ni ó dáhùn sí, ní èdè wọn.

Ìdáhùn yìí kan náà ni ó kó o sí wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1932, ó wàásù ní Ọ̀túò, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní, ọ̀rọ̀ àjẹ́ sì dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Òfin ìjọba kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnìkan pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, òfin náà kò sì ṣe aláìnídìí: ẹni tí a bá fi orúkọ yìí pè lè pàdánù ilé, àní ẹ̀mí pàápàá. A dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un ní ìlú Benin. Wòlíì Ẹ̀fọ̀n di ọ̀daràn.

Nígbà tí ó jáde, Ẹ̀fọ̀n ni ó padà sí. Àríyànjiyàn kò tán níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn òyìnbó Apostolic Church, tí ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ìyapa náà ni ó bí Christ Apostolic Church, tí ó gba orúkọ yìí lábẹ́ òfin ní ọdún 1943. Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní oṣù keje ọdún 1959. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a sin ín sí, kì í ṣe Òdò-Ọwá.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ́ fún ìlú mẹ́ta. Agogo kan náà ni ó lù, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sọ. Onílé ni ó fún un ní orúkọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Ìtara tí ó mú un la ìgboro kọjá ní Òdò-Ọwá kì í ṣe ohun tí àgbà lè fún un; ṣùgbọ́n láìsí ilẹ̀kùn tí Aláayè ṣí, ó ṣeé ṣe kí ìtara náà parí sí ẹnu agogo.