Òwú, Ẹ̀rọ àti Ìṣirò Àgbẹ̀

Bí ènìyàn bá dé agbègbè Aswani ní Ìsọlọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èrò tí yóò bá níbẹ̀ á pọ̀ bí eéṣú. Aṣọ òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ wọn wá rà. Láti ara ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan tó wà níbẹ̀ láyé ijọ́un ni ọjà náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ọjà ló kù. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá níbẹ̀ ni ìbéèrè kan máa ń wá sí mi lọ́kàn: kí ni ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe aṣọ ṣe fún ẹni tí ń gbin òwú fún un, kí òwú náà lè dára, kí ó sì pọ̀ tó?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láàrin ọdún 1850 sí 1860, Henry Venn, akọ̀wé Ìjọ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, pawọ́ pọ̀ láti sọ Abẹ́òkúta di ìlú olówùú. Èrò Venn ni pé bí òwò òwú bá gbilẹ̀, òwò ẹrú yóò rọlẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú wá. Wọ́n mú ọmọ Sàró kan, Henry Robbin, lọ sí Manchester láti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì padà wá sí Abẹ́òkúta láti máa darí rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn oníṣòwò ìlú fi owó ara wọn ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ Clegg. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ náà sì wà nílé wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865) gbé owó òwú sókè, àwọn náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni owó òwú tún wálẹ̀, Ìfọ́lé ọdún 1867 sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú.

Ìgbà kejì yàtọ̀. Ní ọdún 1902, àwọn aláṣọ Lancashire tí ẹ̀rù ń bà pé òwú Amẹ́ríkà lè wọ́n wọn lójú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester, British Cotton Growing Association. Ọ̀nà reluwé tó gba Oṣòdì kọjá ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ẹgbẹ́ yìí ń pín irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣèlérí iye owó kan pàtó, ó sì kọ́ ilé ẹ̀rọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, wọn kò sì ṣahun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ wà, àwọn náà ni wọ́n ń dá iye owó. Irúgbìn Amẹ́ríkà tí wọ́n gbìn wò kò fẹ́ràn òjò àti kòkòrò ilẹ̀ wa. Ká tilẹ̀ ní ó fẹ́ràn rẹ̀, àgbẹ̀ Yorùbá mọ ìṣirò: kòkó ń mówó wọlé jù ú lọ, àwọn ahunṣọ ilé sì máa ń san ju iye tí òyìnbó ń san lọ nígbà mìíràn. Nígbà tí reluwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé Kánò ní 1912, ìrètí Manchester ni pé òwú ni yóò máa rù bọ̀. Ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kó sínú rẹ̀.

Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ọ̀lẹ ni àgbẹ̀ wa. N kò lè gba èyí wọlé. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà a máa ran òwú ní ìrọ̀lẹ́, mo sì rí bó ṣe ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò lò ó ni òun fúnra rẹ̀.

Ní Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ Afprint gba ọ̀nà mìíràn. Agbo ilé-iṣẹ́ tó ni Afprint ló ni Afcott, ilé ẹ̀rọ òwú ní Ngurore ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, lẹ́bàá oko olówùú gan-an. Ìlànà yìí ní ọgbọ́n nínú, nítorí ẹni tó bá wà nítòsí oko ni yóò rí àléébù òwú kí ó tó di aṣọ. Títí di òní, fọ́nrán ọ̀rá láti ara àpò ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń kó òwú sí ń ba òwú Nàìjíríà jẹ́. Kì í gba aró, ó sì máa ń hàn gbangba lára aṣọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ oògùn rẹ̀, ìyẹn ni àpò tí a fi òwú hun. Ta ni yóò san owó àpò náà? Bí òwú mímọ́ àti òwú onídọ̀tí bá ń gba iye kan náà lọ́jà, ẹ̀kọ́ wo ni a fẹ́ kọ́ àgbẹ̀?

Kí a tó dáhùn, iná mànàmáná tí kò dúró àti aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ti ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Èkó pa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo gbé ẹ̀wù òkìrìkà kan yẹ̀ wò ní Aswani. Ìyá tó ń tà á na ọrùn rẹ̀ sí mi kí n rí àmì tó wà níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ wò ó dáadáa,” ló wí. “Òwú gidi ni, kò sí ọ̀rá níbẹ̀ rárá.”

Mo rà á.