Èbúté, Láísẹ́ǹsì àti Àlejò: Ìjọ́ra Lábẹ́ Ìjọba Shagari, 1979 sí 1983

Ìjọba tí Alhaji Shehu Shagari ṣe olórí rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979 títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ni àwọn òpìtàn sábà máa ń pè ní ìjọba konsáfétíìfù, ìyẹn ìjọba tí ó fẹ́ kí ètò ọrọ̀ ajé àti ipò àwọn ọba, ìjòyè àti oníṣòwò ńlá dúró bí ó ti wà, tí kì í sì í fi ìkánjú gba àyípadà wọlé. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gbé e dé ipò, National Party of Nigeria tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NPN, ní Olóyè Adisa Akínlóyè ará Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí alága, ó sì ṣe ìlérí oúnjẹ àti ilé gbígbé fún mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni àwọn ará Èkó dìbò fún, tí Alhaji Lateef Jákàńdè fi di gómìnà ìpínlẹ̀ náà.

Àárín ìjọba méjèèjì yìí ni Ìjọ́ra wà. Àdúgbò àtijọ́ ni, létí ọ̀sà, lábẹ́ ọba tí ń jẹ́ Ọjọ́ra. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná sí ní ọdún 1923, ibẹ̀ sì ni ojú irin Àpápá àti ọ̀nà afárá Èkó ti ń kọjá. Ní ọdún 1973, nígbà tí ìjọba ológun ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́ Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ sí ní Ìgánmú, ó lé àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá ara wọn ní Ìjọ́ra Badia. Nípa bẹ́ẹ̀, èbúté Àpápá tí ó wà nítòsí, ojú irin, iná àti gbọ̀ngàn tíátà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ti NPN, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn àdúgbò wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí UPN ń darí. Ọmọ Ìjọ́ra kan náà lè máa jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Jákàńdè, kí bàbá rẹ̀ sì máa dúró de ohun tí òfin Shagari yóò gbà láyè láti sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ni ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, owó àgbá epo Nàìjíríà kan tó nǹkan bíi 40 dọ́là, orílẹ̀-èdè náà sì ń fa àgbá tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ lójúmọ́ ní ọdún kan ṣáájú. Nígbà tí ó di oṣù Kejì ọdún 1983, ìjọba ti já owó náà sí 30 dọ́là, iye tí wọ́n ń fà sì ti lọ sílẹ̀ gidigidi nítorí pé ọjà ayé kún fún epo. Ìjọba tí ó fẹ́ràn kí nǹkan dúró bí ó ti wà kò fẹ́ dín iye náírà kù, bẹ́ẹ̀ ni náírà kan ń ra ju dọ́là kan lọ ní báńkì. Ohun tí ó yàn dípò ìyẹn ni Òfin Ìmúdúró Ọrọ̀ Ajé ti oṣù Kẹrin ọdún 1982, tí ó fi owó kọ́sítọ́ọ̀mù kún ọjà òkèèrè, tí ó ní kí oníṣòwò kọ́kọ́ fi owó pamọ́ sí báńkì kí ó tó lè kó ọjà wọlé, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọjà mìíràn sábẹ́ láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń yan ẹni tí ó lè kó irú ọjà kan wọlé.

Láísẹ́ǹsì yìí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ni ó fi ìwà ìjọba náà hàn jù. Ẹni tí ó bá rí i gbà lè fi náírà ra dọ́là ní iye ìjọba, kí ó kó ọjà wọlé, kí ó sì tà á ní iye tí ọ̀wọ́n ọjà bá gbé e dé; bí kò bá tilẹ̀ ní owó tàbí ilé ìkẹ́rù, ó lè ta ìwé náà fún oníṣòwò gidi, kí ó jókòó sílé, kí ó sì jèrè. Ìwé òṣèlú ti di ọjà. Ìrẹsì ni àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù: ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìkówọlé rẹ̀, Umaru Dikko, mínísítà ètò ìrìnnà, ni ó sì jẹ́ olórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ó sún mọ́ ẹgbẹ́ NPN, nígbà tí owó àpò ìrẹsì ń gòkè lọ́jà. Ètò Green Revolution tí Shagari ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980, kí àgbẹ̀ ilé lè bọ́ ìlú, kò lè bá èrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ dọ́gba.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà láti Ìgánmú dé Àpápá gbára lé ohun èlò òkèèrè, nítorí náà òfin tí wọ́n ní yóò dáàbò bo owó orílẹ̀-èdè ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Èkó dín òṣìṣẹ́ kù tàbí kí wọ́n tilẹ̀kùn. Alágbàṣe tí ń ru ẹrù lẹ́bùúté, onímọ́tò akẹ́rù àti obìnrin tí ń ta oúnjẹ fún wọn kò ní láísẹ́ǹsì kankan láti tà. Lóòótọ́, ìyanṣẹ́lódì tí Hassan Sunmonu àti Àgbájọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, NLC, ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981 ti mú kí òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù di 125 náírà, ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ó fi ń jẹun.

Ní ti àṣà, ìjọba náà kò dá nǹkan ńlá sílẹ̀. Gbọ̀ngàn Ìgánmú tí àwọn ológun kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977 ṣì dúró, ṣùgbọ́n ojú ìjọba àpapọ̀ ti yí sí Àbújá, níbi tí ó ń da owó sí kíkọ́ olú-ìlú tuntun. Òfin-ìpìlẹ̀ 1979 gbà pé kí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò jẹ́ èdè ìjíròrò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá tó. Kò sí ètò tí ó tó títí ìjọba náà fi kógbá sílé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bá a ṣe ni ìtara wà: ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1980, Wọlé Ṣóyínká sì gbé àwo orin Unlimited Liability Company jáde ní ọdún 1983 láti fi bá ìwà àjẹbánu ìgbà náà wí.

Ní òkè òkun, Shagari rọra ń rìn. Kò ní ìgbóná tí àwọn olórí ológun tí ó ṣáájú rẹ̀, Murtala àti Ọbásanjọ́, fi gbèjà Àǹgólà tàbí tí Ọbásanjọ́ fi gba ilé-iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1979; nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún lẹ́nu ààlà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ó kọ̀ láti jagun, ó sì yan ọ̀nà ìjíròrò. Ìmọ̀ràn rere ni, ó sì yẹ kí ìtàn fi ìyìn rẹ̀ fún un. Èyí gan-an ni ó mú kí ohun tí ìjọba kan náà ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 nira láti dárí jì: mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ, tí wọn kò sì ní iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì, kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, owó epo ti ṣubú, wọ́n sì ń di ẹ̀bi olè àti rògbòdìyàn ru àlejò, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n já owó epo wálẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ó wọ́pọ̀, bíi mílíọ̀nù 1 nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà: bíríkìlà, tíṣà, télọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀, alágbàṣe. Jerry Rawlings, olórí Gánà nígbà náà, ti ti ààlà orílẹ̀-èdè rẹ̀ pa láti ọdún 1982, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì ti tiwọn kí èrò má bàa há sọ́dọ̀ wọn, títí Gánà fi ṣí ààlà ní òpin oṣù náà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya lọ sí èbúté Àpápá láti wá ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì sùn síta pẹ̀lú ẹrù wọn ní ẹ̀bá Ìjọ́ra gan-an. Báàgì aláràbarà tí wọ́n kó ẹrù sí gba orúkọ Ghana Must Go, ó sì ń jẹ́ ẹ títí di òní.

Ó yẹ kí Yorùbá mọ ìrora yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní Gánà ní ọ̀sẹ̀ 2 kan náà, àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn sì fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè tí wọn kò rí gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Láàárín lílé méjèèjì, ní ọdún 1979, ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, Èkó sì ni olú ilé-iṣẹ́ ECOWAS wà nígbà náà. Nàìjíríà dúró lórí lẹ́tà àdéhùn náà, ó ní ọjọ́ àwọn àlejò ti pé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá iṣẹ́ tí ó fi owó kékeré gbà wọ́n síṣẹ́ nígbà tí epo ń ṣàn kò bá wọn dé èbúté.

Lílé àlejò kò mú iṣẹ́ padà wá sí Àpápá. Shagari tún wọlé nínú ìdìbò oṣù Kẹjọ, àwọn ológun sì gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Muhammadu Buhari tí ó rọ́pò rẹ̀ ti ààlà ilẹ̀ pa ní ọdún 1984, nígbà tí ó sì di ọdún 1985, òun náà tún pàṣẹ kí ọ̀kẹ́ àìmọye àjèjì kúrò ní Nàìjíríà.