Kí Ló Dé Tí Ìkòkò Omi Òjò Fi Kúrò Nílé Wa?

Ẹni tó bá mọ ilé àtijọ́ á rántí àgbàlá àárín ilé: òrùlé yí i po, òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òjò ń ṣàn láti orí bẹẹrẹ wọ inú ìkòkò ńlá tó wà ní igun. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n tilẹ̀ ń to àpáàdì sí ilẹ̀ àgbàlá kí ẹrẹ̀ má baà gba ibẹ̀. Ní Kétu ńkọ́, níbi tí omi inú ilẹ̀ ti jìn gan-an? Ta ló jẹ́ da omi òjò nù!

Ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Dókítà ọmọ Kúbà kan, Carlos Finlay, ti sọ ọ́ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Wọn ò dá a lóhùn. Ó di 1900 kí Walter Reed àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn ní Havana pé òótọ́ ni. Ẹ̀fọn yìí sì fẹ́ràn omi ìkòkò. Ni ìjọba àwọn òyìnbó bá ń rán èèyàn wọlé wò. Lápá Èkó, wolé-wolé là ń pè wọ́n: bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú ìkòkò rẹ, owó ìtanràn dé. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó sanwó torí ìkòkò, ìkòkò ni yóò bá jà, kì í ṣe ẹ̀fọn.

Lẹ́yìn náà ni páànù dé, sìmẹ́ǹtì sì bo ilẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò: páànù tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, bí òjò bá rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan péré, lítà 500 ló ń dà sílẹ̀, bídọ́ọ̀nù 25 lítà 20 nìyẹn! Ilé aládùúgbò ló ń lọ, tàbí inú ṣálángá. Tó bá sì kó ìgbẹ́ wọ kànga, onígbáméjì dé. Ní 2010, omíyalé dé kọ́múùnù 55 nínú 77 tó wà ní Benin.

Ayálégbé á ní ilé òun kọ́. Onílé á ní ibi tí òun fẹ́ gbẹ́ kòtò sí, yàrá kan lè jáde níbẹ̀. Ìyá ọmọ ń bẹ̀rù ẹ̀fọn, ẹ̀rù tirẹ̀ ló tọ́ jù. Ṣùgbọ́n láti ẹyin títí di ẹ̀fọn, ó máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ fi aṣọ tó nípọn so ẹnu ìkòkò pinpin. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da omi rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn, kí ẹ fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ nínú, torí ara ìkòkò ni ẹyin ń lẹ̀ mọ́.