Ẹ̀jẹ̀ Tó Padà Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta

Tẹ́ ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ fi earpiece sétí, torí ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má pa á. Ẹ ní ìyá, ẹ sì ní àbúrò.

Ìsẹ́yìn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Big Mummy, òfì ló ń tà. Ọmọ ọdún 54 ni nígbà náà, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró láti ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, ó kàn ta sí aṣọ ni. Àwọn obìnrin inú ilé bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ ti padà di ọmọge nìyẹn!" Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún rí i, ó mu àgbo. Nígbà tó di omi tó ń rùn, ó lọ sí kẹ́místì, wọ́n fún un ní kápúsù. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí dókítà tó yẹ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ wò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀, ẹni tó bí ọmọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Big Mummy kò lo ọdún kan sí i.

Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Èmi náà wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àwàdà ọmọge yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú dìgírì mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a sin ín ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àìsàn náà, ohun tí mo sì rí ló ń dùn mí jù: jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í yára. Kí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ tó ti ń yí padà tó di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20. Nínú obìnrin tó ní kòkòrò HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè jẹ́ ọdún 5 sí 10. Gbogbo àsìkò yẹn, kì í dunni rárá.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a lè rí i kó tó dunni? Lọ́dún 1913, tọkọtaya kan láti Gíríìsì sọ̀ kalẹ̀ ní New York, owó ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Dókítà ni ọkọ, George Papanicolaou, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ń tà ní ilé ìtajà kan, ìyàwó rẹ̀, Mary, sì ń rán bọ́tìnnì níbẹ̀. Nígbà tó rí iṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó fẹ́ máa fi màíkírósíkóòpù wo omi tó ń jáde lójú ara obìnrin. Obìnrin wo ló máa gbà? Mary ló gbà. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi ń jẹ́ kí ọkọ òun gba omi yẹn lára òun. Nínú omi àwọn obìnrin mìíràn ni ọkùnrin náà ti wá rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1928. Wọn ò kà á sí. Wọ́n ní táwọn bá fura sí ẹnì kan, ṣebí àwọn á gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ wò? Wọn ò rí i pé ẹni tí wọ́n bá ti ń fura sí, ó ti ń pẹ́ jù. Ọdún 1941 ni òun àti Herbert Traut tó tẹ ìwádìí tó yí wọn lọ́kàn padà jáde. Àyẹ̀wò yẹn là ń pè ní Pap smear títí dòní, látinú orúkọ ọkọ. Orúkọ Mary kò sí níbẹ̀, mo kàn ní kí n dá a sọ ni.

Kí ló wá ń fa àìsàn náà? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lé ohun tí kì í ṣe òun. Ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló ta kú pé fáírọ́ọ̀sì HPV ni. Ó rí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 16 lọ́dún 1983, ó rí 18 lọ́dún 1984, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008. Méjèèjì yìí ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń ní in láìmọ̀. Ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Nítorí náà, ẹ má fi í bú ẹnikẹ́ni ní ìṣekúṣe. Obìnrin tí kò mọ ju ọkọ rẹ̀ lọ lè ní in.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni o. UCH Ìbàdàn ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1957. Nígbà tí Edington àti Maclean ka iye jẹjẹrẹ tó wà nílùú Ìbàdàn láti 1960 sí 1963, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1965, ti ẹnu ilé ọmọ wà lára èyí tó ń dé bá obìnrin jù. Lọ́dún 2004, ìwádìí mìíràn jáde láti Ìdíkàn, àdúgbò ọjà ní Ìbàdàn náà. Wọ́n yẹ obìnrin tó lé ní 900 wò, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní HPV lára. Níbi púpọ̀ láyé, ó máa ń dínkù bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà. Ní Ìdíkàn, kò dínkù, ó wà lára àwọn màmá náà. Àwọn màmá tí wọ́n jọ Big Mummy mi.

Ẹ ó ní, ta ló máa gbé màíkírósíkóòpù wá sí Ṣakí? Kò pọn dandan. Nọ́ọ̀sì lè fi fínígà tí wọ́n po mọ́ omi pa ẹnu ilé ọmọ. Ibi tó bá ń yí padà á funfun láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì lè fi òtútù tàbí ooru pa ibẹ̀ run, nígbà mìíràn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní Mumbai, wọ́n dán ọ̀nà yìí wò nínú ìwádìí kan tó kó obìnrin tó tó 150,000 jọ. Àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà, tí wọ́n kọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ló ṣe é. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2013, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí ti fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Fínígà lásán o!

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà. Àwa Ọ̀yọ́ dúró di oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àròyé ti dé Ìsẹ́yìn kí abẹ́rẹ́ tó dé: wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ. Irọ́ ni, àmọ́ mi ò fi àwọn tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Baltimore, lọ́dún 1951, láìsọ fún un. Jẹjẹrẹ kan náà yìí ló pa á, ọmọ ọdún 31. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ-ọmọ Big Mummy béèrè, ó béèrè títí ó fi sú nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà gbà á níkẹyìn, ó ní apá dun òun lọ́jọ́ kan.

Àwọn tó ń béèrè lórí WhatsApp pé ìgbà wo ni ká lọ: tí ẹ̀jẹ̀ bá wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ lọ. Tó bá wá láàárín nǹkan oṣù méjì, tí omi ojú ara bá ń rùn tí kò sì lọ, tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn yín láìdẹwọ́, ẹ lọ. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró tó ọdún kan tí ẹ̀jẹ̀ wá yọ, bó ti wù kó kéré, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ, fáíbírọ́ọ̀dù tàbí àkóràn lásán lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, àgbo kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Èyí tí kò ní àmì kankan ni mo ń bá jà nílé báyìí. Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló yẹ kí obìnrin ti máa ṣe àyẹ̀wò, ọdún 25 tó bá ní HIV. Màmá mi kò ṣe é rí. Mo pè wọ́n lálẹ́ àná kí n tó gba ohùn yìí sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò sí ibi tó ń dùn mí."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Ìdí tí mo fi pè yín gan-an nìyẹn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá obìnrin ni nọ́ọ̀sì tó máa wò wọ́n. Mo ní mo máa béèrè. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìsẹ́yìn ti Ọjọ́bọ̀.