Ẹwà tí Kò Dí Iṣẹ́ Lọ́wọ́: Àyẹ̀wò Ohun-Èlò Ilé Onígi Láàárín Àwọn Yorùbá

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn gbẹ́nugbẹ́nu kò sì dákẹ́, nítorí ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nílé lóko ti ń sọ̀rọ̀ lórí ọnà igi Yorùbá. Ṣùgbọ́n ère òrìṣà, ère ìbejì àti igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dojú kọ, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bojú wo odó tí obìnrin ń gúnyán nínú rẹ̀, àpótí tí baálé ń jókòó lé, àti ọpọ́n tí àwọn àgbà ń ta ayò lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé òfin kan náà ló ń darí iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ojúbọ: ibi tí iṣẹ́ yóò ti kan igi, gbẹ́nàgbẹ́nà a dá a sí ní dídán, ibi tí ojú nìkan yóò ti kàn án, ibẹ̀ ni yóò fín ọnà sí.

Ọ̀dọ̀ igi fúnra rẹ̀ ni òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí igi kan kò gba gbogbo iṣẹ́. Odó ń fẹ́ igi líle bí ìrókò tàbí apá, tí kò ní máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ sínú iyán. Igi ọmọ, tó fúyẹ́ tó sì lálòpẹ́, ni àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn. Ìrẹ̀, tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ló sì gba ọnà wẹ́wẹ́. Ìrókò kì í ṣe igi tí a ń ṣàdédé gé, níwọ̀n bí àwọn bàbá wa ti gbà pé olúwéré ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ètùtù ló ń ṣáájú àáké. Ní tútù ni wọ́n ń gbẹ́ igi, nígbà tí kò tíì le koko, òjìji ni wọ́n sì ń fi sí kí ó lè rọra gbẹ, nítorí oòrùn a máa la igi tútù.

Ìpele mẹ́rin ni Kevin Carroll, àlùfáà Àgùdà tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ṣiṣẹ́ pọ̀, kọ sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Lákọ̀ọ́kọ́ ni ọnà lílé, tí àáké fi ń yọ àwòrán gbàǹgbà jáde lára ìtì igi. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, tí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń hàn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ń mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló sì gbẹ̀yìn, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ fi ń la ojú, irun àti ilà. Ewé ìpín, tí ara rẹ̀ le háráhárá, ni wọ́n fi ń ha igi kí ó tó máa dán. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé dídán ló ṣáájú fínfín: ẹni tí kò bá ti rí ara igi tó dára, kò tíì rí ibi tí yóò fín ọnà sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn ohun-èlò náà níkọ̀ọ̀kan. Ìdí odó a fẹ̀ kí ó má baà ṣubú, ìbàdí rẹ̀ a sì tín-ín-rín. Ìbàdí yìí náà ni a ń fín ní òrùka, ṣùgbọ́n inú odó kò ní àpá kankan, nítorí iyán kò gbọ́dọ̀ rí ibi há sí. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 fún ọmọ ayò 48. Àwọn ihò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ dọ́gba, kí ọwọ́ lè kó ọmọ jáde wàràwàrà, etí ọpọ́n nìkan ni a sì ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Babaláwo náà kò yà sọ́tọ̀: àárín ọpọ́n Ifá a tẹ́jú fún ìyẹ̀ròsùn, ojú Èṣù àti àwọn ọnà mìíràn a sì yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀kan nínú irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀, tí a gbé kúrò ní Àlàdà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ti wà ní ìlú Ulm ní Jámánì ṣáájú 1659, èyí tó fi hàn pé òfin yìí kì í ṣe ti àná.

Bí a bá ń sọ ti àgbà ọ̀jẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, kì í gbẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ ṣàfihàn bí ọba náà ṣe gba Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ní àlejò. Àwọn ère rẹ̀ yọ jáde lára pákó débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, síbẹ̀ ilẹ̀kùn tí a ń ṣí tí a ń tì ni. Ní 1924 ni wọ́n fi í hàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí British Museum bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀, Ọ̀gọ̀gà kò tà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú ọba ló gbà ní pàṣípààrọ̀. Àwokòtò Ọlọ́wẹ̀ kan tó wà ní Washington tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín àwọn ère tó gbé e dúró, orí kan wà tí ń yí kiri tí kò sì ṣeé yọ jáde, nítorí ara igi kan ṣoṣo náà ló ti gbẹ́ ẹ. Gbogbo àrà yìí, ìsàlẹ̀ àti ìdérí ló wà. Inú àwokòtò ṣófo fún ohun tí a óò bù sí i.

Nígbà tí Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ìdílé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n tọ̀ lọ. Bándélé, ọmọ Arẹógun ará Ọ̀sì, wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, tó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó kú ní 2009, ti kọ́ṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gba ipò ilẹ̀kùn ààfin, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò yí padà.

Lónìí, ike ti lé ọ̀pọ̀ ọpọ́n kúrò nílé, káfíńtà tó ń fi ìṣó kan pákó mọ́ pákó sì ti gba àga àti ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ìtì kan ṣoṣo. Odó ló ṣì dúró gbọn-in, nítorí ẹni tó mọ iyán jẹ mọ èyí tí odó gún yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ lọ̀. Iṣẹ́ tó kù fún àwa gbẹ́nugbẹ́nu ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wọn odó àti ọpọ́n ayò tó wà nílé àwọn ìyá àti bàbá wa, kí a kọ irú igi tí wọ́n jẹ́ sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé, kí a sì fún wọn ní ipò kan náà tí a fún ère nínú ìmọ̀ ọnà, nítorí ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ àwọn méjèèjì.